Ìbéèrè Tí Sosiọ́lọ́jì Kò Tíì Dáhùn Tán: Atọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Kejì àti Oyè Ọ̀mọ̀wé

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pín ní kíláàsì tíọ́rì kì í sábà ju orúkọ èèyàn lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: Marx, Durkheim, Weber, Simmel, Parsons, Bourdieu, Giddens. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kan. Á kọ ohun tí oníkálùkù sọ sílẹ̀, á há a sórí, á sì tú u jáde nínú ìdánwò. Nígbà tí sáà bá parí, ó mọ ẹni tó sọ kí ni àti ọdún tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ wá bi í pé kí ni Durkheim àti Weber kò fẹnu kò lé lórí, kí sì nìdí tí àríyànjiyàn náà kò fi tíì parí láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá, ẹnu rẹ̀ á wọhò.

Ní ìpele oyè àkọ́kọ́, èyí kò burú. Ẹni tí kò mọ orúkọ kò lè dá sí ọ̀rọ̀. Bó bá di ìpele oyè kejì, iṣẹ́ ti yí padà, ohun tí orí yìí sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú dání kò ju ọ̀kan lọ: kí ó máa fi ìbéèrè kàwé, kí ó yéé fi orúkọ kà á.

Àwọn ìbéèrè náà kò pọ̀. Kí ló mú àwùjọ dúró tí kò fi túká? Ṣé èèyàn ló ń darí ìgbésí ayé ara rẹ̀, àbí ìgbékalẹ̀ tó bá nílẹ̀ ló ń darí rẹ̀? Báwo ni ohun kéékèèké tí oníkálùkù ń ṣe ṣe ń di ohun ńlá tí ẹnikẹ́ni kò pète? Ṣé a lè ka iye àwọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láwùjọ bí ẹni ń ka igi inú oko, àbí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lóye ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ń ṣe é? Ta sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń di tíọ́rì, ta ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń di àpẹẹrẹ lásán? Gbogbo ìdáhùn tí wọ́n ti fún àwọn ìbéèrè yìí ló ní iye tí ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ san. Ẹni tó bá mú ìdáhùn kan ti pàdánù ohun mìíràn tí ìdáhùn kejì ì bá jẹ́ kó rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè sọ ohun tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ ẹni ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ oyè gíga.

Ìbéèrè tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tó ṣáájú. Thomas Hobbes béèrè rẹ̀ ní ọdún 1651 nínú ìwé Leviathan, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká. Bí oníkálùkù bá ń lé ohun tó wù ú, tí ohun náà kò sì tó gbogbo wọn, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n máa fi ipá àti ẹ̀tàn gbà á lọ́wọ́ ara wọn? Hobbes ní aláṣẹ kan tí gbogbo èèyàn bẹ̀rù ni yóò dá wọn lẹ́kun. Ní 1937, Talcott Parsons gbé ìbéèrè yẹn padà wá nínú The Structure of Social Action. Ará Amẹ́ríkà ni, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Heidelberg, òun ló sì túmọ̀ ìwé Weber lórí ìwà àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì àti ètò kapitalísìmù sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1930. Parsons ní ìbẹ̀rù nìkan kò lè dá àwùjọ dúró. Nínú ìwé yẹn àti nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, ó ní àwọn ìlànà tí gbogbo èèyàn jọ gbà pé ó tọ́ ló ń so wọ́n pọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbin ìlànà yìí sọ́kàn ọmọ, débi tí ohun tó wù ú àti ohun tó yẹ kó ṣe yóò fi súnmọ́ ara wọn.

Ìdáhùn yẹn dùn létí. Kí ló ń gbà? Dennis Wrong sọ ọ́ gbangba ní 1961 nínú àpilẹ̀kọ kúkúrú kan tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fò dá: èèyàn inú irú sosiọ́lọ́jì yìí ti gba ẹ̀kọ́ jù. Kò ní ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀, kò ní ọ̀tẹ̀ nínú, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ ọn lára ló ń gbà. Ralf Dahrendorf, ọmọ Jámánì, ti ṣáájú rẹ̀ sọ láàárín 1958 sí 1959 pé àwùjọ tí Parsons yà jọ ibi tí kò sí ìjà, tí kò sí ẹni tó ń pàṣẹ tí ẹlòmíràn kò fẹ́. Àwọn méjèèjì kò sọ pé Parsons kò mọ̀wé. Wọ́n ń tọ́ka sí ohun tó fi sílẹ̀ kí ìdáhùn rẹ̀ tó lè dúró.

Harold Garfinkel ló wá mú ìbéèrè náà lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Akẹ́kọ̀ọ́ Parsons ni ní Harvard, ibẹ̀ ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1952. Dípò kó wo orílẹ̀-èdè àti ìlànà ńlá, inú ilé ló lọ. Nínú Studies in Ethnomethodology, tó jáde ní 1967, ó ròyìn iṣẹ́ kan tó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀: kí wọ́n lọ sílé òbí wọn, kí wọ́n sì máa ṣe bí ayálégbé fún ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan. Kí wọ́n máa fi ọ̀wọ̀ bíi ti àlejò sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀ bí ẹnìkan kò bá bá wọn sọ̀rọ̀. Ilé dà rú. Ìyá ń béèrè bóyá ara ọmọ kò yá, bàbá ń béèrè bóyá wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, àwọn mìíràn bínú gan-an. Kò sí òfin kankan tí ọmọ náà rú. Ìmọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń sọ jáde ló fọ́, ìyẹn ohun tí gbogbo ará ilé gbà pé gbogbo ará ilé mọ̀. Ẹni tó bá ti rí bí ilé Yorùbá ṣe ń gbóná nígbà tí ọmọ bá jí tí kò kí àgbà kankan kò ní nílò àlàyé gígùn lórí ohun tí Garfinkel ń lé. Ètò kì í ṣe ohun tí wọ́n ti gbìn sọ́kàn tán lọ́mọdé. Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni àwọn èèyàn jọ ń ṣe é.

Ìdáhùn yìí náà ní iye tirẹ̀. Ó fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá hàn kedere, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ti inú yàrá yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilé, ẹni tó ń gba owó orí, tàbí ìjọba tó lè lé gbogbo wọn jáde.

Èyí ni ọ̀nà ìkàwé tí orí yìí ń gbà níyànjú. Dípò ọ̀sẹ̀ kan fún Parsons kí ó sì tán, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ibi tí Parsons ti jíròrò Hobbes, kí ó ka Wrong lẹ́yìn rẹ̀, kí ó ka orí kan nínú Garfinkel, kí ìbéèrè kan ṣoṣo sì wà lókè ojú-ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ìdáhùn náà ní gbólóhùn kan tàbí méjì ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kí ó kọ ẹ̀rí tí òǹkọ̀wé náà mú wá, kí ó sì kọ ohun tí ìdáhùn náà kò jẹ́ kó rí. Apá tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Òun gan-an ló máa ń di àpilẹ̀kọ lẹ́yìn ọ̀la. Kí ó sì ṣe é ní èdè tí ọkàn rẹ̀ ń lò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé Garfinkel fún ẹni tí kò ka ìwé rẹ̀, ìwé náà ti yé e. Ẹni tó jẹ́ pé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé nìkan ló lè tún sọ, ó ṣì kù fún un.

Ìbéèrè yìí kan náà dé Ìbàdàn, ó sì yí padà níbẹ̀. Peter Ekeh, tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1975 lórí ìjọba amúnisìn àti ohun tó pè ní agbo méjì ní Áfíríkà. Agbo kan ni ti ìbílẹ̀: ẹbí, ìlú ẹni, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú. Agbo kejì ni ti ìjọba tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀: ọ́fíìsì, iṣẹ́ ológun, ọlọ́pàá. Àwọn èèyàn kan náà ló wà nínú méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ń fúnni láìbéèrè ohun tí wọn yóò gbà padà, ìtìjú ńlá sì ni kí èèyàn jí owó ibẹ̀. Nínú ti kejì, gbígbà ni wọ́n ń wá, ọ̀rọ̀ ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ kò sì wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń san owó ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ pé pérépéré lè jẹ́ ẹni náà gan-an tó ń kó owó ọ́fíìsì, kí àwọn ará ìlú sì máa kí i kú iṣẹ́.

Àpilẹ̀kọ yìí wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tíọ́rì ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe ń lò ó lọ. Wọ́n máa ń kà á bí ìwé lórí ìwà ìbàjẹ́ ní Nàìjíríà, wọ́n á sì tì í sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Àmọ́ ohun tó ṣe fún ìbéèrè Hobbes lágbára. Parsons gbà pé ìlànà kan ni àwùjọ kan ń dì mú. Ekeh ní ẹnì kan ṣoṣo lè máa gbé inú ìlànà méjì, kí ó jẹ́ olóòótọ́ nínú ọ̀kan kí ó má sì jẹ́ olóòótọ́ nínú èkejì, láìsí pé ọkàn rẹ̀ pín. Ó tún sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń ka Parsons ló yẹ kí wọ́n ka Ekeh. Lẹ́yìn náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ bi Ekeh ní ìbéèrè tirẹ̀: ṣé agbo ìbílẹ̀ mọ́ tónítóní tó bẹ́ẹ̀? Kò ha sí ẹni tó ń jẹ owó ẹgbẹ́ ìlú? Ṣé ìlú Yorùbá tó ní ọba àti ìjòyè láti ayébáyé rí bákan náà pẹ̀lú ìlú tí kò ní ọba?

Ní Ilé-Ifẹ̀, Akinsola Akiwowo gba ọ̀nà mìíràn. Ó mú ẹsẹ Ifá kan, Àyájọ́ Alásùwàdà, ó sì wá inú rẹ̀ fún ìlànà tí èèyàn lè fi ṣàlàyé ìbágbépọ̀: pé ohun gbogbo tó wà láyé ń wà ní ìṣùjọ ni, àti pé ìwà ẹnì kan kò pé láìsí ti ẹlòmíràn. Ìwé rẹ̀ lórí àjọbí àti àjọgbé jáde ní 1983 láti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù jáde ní 1986, nínú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ jọ́nà International Sociology. Ní 1988, Moses Mákindé, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n orí, gbè é lẹ́yìn. Ní 1990, O. B. Láwuyì àti Olúfẹ́mi Táíwò fèsì, èsì wọn kò sì rọ̀. Wọ́n yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí Akiwowo àti Mákindé lò wò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fi hàn pé ìtumọ̀ wọn ń yí láti ibi kan sí ibòmíràn. Wọ́n ní kí a yéé jiyàn lórí bóyá sosiọ́lọ́jì Áfíríkà ṣeé ṣe, kí a mú àwọn èrò náà, kí a fi ṣàlàyé nǹkan.

Kò sí àríyànjiyàn tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kà ju èyí lọ, kì í sì í ṣe nítorí pé tiwa ni. Àwọn àpilẹ̀kọ náà kò gùn, ẹni tó bá jókòó tì wọ́n lè kà wọ́n tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò sì rí bí èrò ṣe ń dìde, bí wọ́n ṣe ń gbè é, bí wọ́n ṣe ń dán an wò, àti ibi tó ti ń yẹ̀. Jimi Adesina padà sí i ní 2002 nínú African Sociological Review, ó ya ẹni tó kàn ń fi èdè ìbílẹ̀ tún sosiọ́lọ́jì òyìnbó sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń mú ìmọ̀ tuntun wá látinú ìbílẹ̀. Raewyn Connell, ará Ọsirélíà, jíròrò rẹ̀ nínú Southern Theory ní 2007. Ibi tí Láwuyì àti Táíwò fi ọ̀rọ̀ sí ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀: ta ni yóò mú èrò àsùwàdà tí Akiwowo fà yọ láti inú ẹsẹ náà lọ sí ọjà, sí ìjọ, sí ẹgbẹ́ alájọṣe, kí ó sọ ohun tí yóò rí bí èrò náà bá tọ́ àti ohun tí yóò rí bí kò bá tọ́? Àpilẹ̀kọ oyè kejì kan lè gba iṣẹ́ yìí dáadáa.

Kí a wá yí sí ìbéèrè bí a ṣe ń mọ ohun tí a mọ̀. Ní 1897, Émile Durkheim tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn tó ń pa ara wọn. Ó mú ohun tó jọ pé ó jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀ jù lọ láyé, ó sì fi àkọsílẹ̀ ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù hàn pé iye rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlànà àwùjọ: ó pọ̀ láàárín àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ju àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà lọ, ó sì pọ̀ láàárín àpọ́n ju àwọn tó wà nílé ọkọ tàbí tó ní aya lọ. Marcel Mauss, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bá a to ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ náà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì tún dùn ún kà títí di òní. Ní 1967, Jack Douglas béèrè ohun kan tó rọrùn: ta ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni yìí pa ara rẹ̀? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, lẹ́yìn tó ti bá ẹbí sọ̀rọ̀. Níbi tí ìtìjú bá ti pọ̀, tí ìjọ kò ní sin irú òkú bẹ́ẹ̀, ẹbí á fẹ́ kí wọ́n kọ ohun mìíràn. Ó lè jẹ́ pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ìjọ wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe nínú bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lo àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn tàbí ti ọlọ́pàá ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbé Durkheim àti Douglas sórí tábìlì kan náà. Kò gbọ́dọ̀ yára yan ọ̀kan. Bí ó bá gba ti Douglas tán pátápátá, kò ní lè fi ìlú kan wé òmíràn mọ́. Bí ó bá gba ti Durkheim láìyẹ̀ ẹ́ wò, yóò máa ka ìwà àwọn akọ̀wé bí ẹni pé ìwà àwọn òkú ni.

Lórí ìbéèrè ìgbékalẹ̀ àti agbára ẹni, ìwé pọ̀ ju ohun tuntun tó wà nínú wọn lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka Pierre Bourdieu, tí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn Kabyle ní Àlùjíríà bí ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1972. Kí ó ka apá kan nínú The Constitution of Society tí Anthony Giddens kọ ní 1984. Kí ó sì ka Margaret Archer tó ta kò ó pé bí a bá lọ ìgbékalẹ̀ àti ìṣe èèyàn pọ̀ mọ́ra, a kò ní lè mọ èyí tó ṣáájú mọ́. Ìyẹn tó. Ohun tí ọwọ́ lè fi ṣiṣẹ́ níbí ni àwòrán tí James Coleman yà nínú Foundations of Social Theory ní 1990, tí wọ́n máa ń pè ní ọkọ̀ ojú omi Coleman nítorí bó ṣe rí. Láti ipò àwùjọ lókè, ọfà kan á sọ̀kalẹ̀ sí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbàgbọ́. Ọfà kejì á lọ láti ìgbàgbọ́ sí ìṣe. Ọfà kẹta á gòkè láti ìṣe padà sí ipò àwùjọ tuntun.

Ìtàn ìjọ Aládùúrà, tí J. D. Y. Peel kọ ìwé tó jinlẹ̀ lé lórí ní 1968, dára fún ìdánrawò. Àjàkálẹ̀ àrùn lukulúkù 1918 jà, ilé ìwòsàn kò lè ṣe nǹkan. Ọrọ̀-ajé sì wó lulẹ̀ nígbà tí ọdún 1930 wọlé. Ìyẹn ni ipò òkè. Àwọn kan nínú ìjọ wá gbà pé àdúrà nìkan ló lè wonisàn. Ìyẹn ni ìgbàgbọ́. Wọ́n ń pé jọ gbàdúrà, ogunlọ́gọ̀ sì wọ́ lọ sí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930 nígbà ìsọjí Joseph Babalọlá. Ìyẹn ni ìṣe. Ìwọ̀nyí rọrùn láti fa. Ọfà kẹta ló ń mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ so. Báwo ni ogunlọ́gọ̀ tó wá gba omi ìyè ṣe di ìjọ tó ní pásítọ̀, òfin, ilẹ̀ àti ìwé orin? Kì í ṣe nípa pípọ̀ nìkan. Ẹnìkan ni láti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ẹnìkan ni láti bá ìjọba sọ̀rọ̀, ẹnìkan ni láti yanjú ìjà lórí oògùn òyìnbó. Coleman fẹ̀sùn kan Weber gan-an pé kò ya ọfà kẹta yìí dáadáa nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ máa ń ṣubú síbẹ̀ pẹ̀lú: orí kẹrin kún fún ohun tí àwọn èèyàn sọ, orí karùn-ún sì fò lọ sórí Nàìjíríà láìsí àtẹ̀gùn láàárín.

Ó ku ìbéèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń di tíọ́rì. Ibí ni ọkàn máa ń gbóná, ó sì yẹ kó gbóná. W. E. B. Du Bois, onísosiọ́lọ́jì aláwọ̀ dúdú, wọ ilé dé ilé ní agbègbè kan ní Philadelphia, ó tẹ The Philadelphia Negro jáde ní 1899, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ tíọ́rì ní Amẹ́ríkà láìdárúkọ rẹ̀. Ìwé The Scholar Denied tí Aldon Morris kọ ní 2015 tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. N. A. Fádípẹ̀ parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí sosiọ́lọ́jì àwọn Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ó kú ní 1944, ó sì di 1970 kí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú The Invention of Women ní 1997, sọ pé ipò àgbà àti àbúrò ló ń to àwùjọ Ọ̀yọ́ àtijọ́, pé pípín ayé sí akọ àti abo gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ gbogbo nǹkan bá ìmọ̀ òyìnbó wọlé ni. Bibi Bakare-Yusuf àti àwọn mìíràn ta kò ó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka àtakò náà pẹ̀lú ìwé náà. Kò dára kí a gba Oyěwùmí gbọ́ nítorí pé ó ń gbè wá, kò sì dára kí a kọ̀ ọ́ nítorí pé ó le.

Bí ó ṣe yẹ kí a fi ohun tiwa dán tíọ́rì wò, àpẹẹrẹ tó mọ́ jù ni àpilẹ̀kọ Karin Barber tó jáde ní 1981 lórí àwọn Yorùbá àti òrìṣà wọn. Durkheim ti sọ ní 1912 pé àwùjọ ni àwọn èèyàn ń bọ nígbà tí wọ́n rò pé ọlọ́run ni wọ́n ń bọ, ó sì gbà pé àwọn olùbọ náà kò mọ̀. Ìròyìn àwọn ẹlòmíràn láti Ọsirélíà ló fi kọ ọ́; kò débẹ̀ rí. Barber gbé ní Òkukù, ó gbọ́ oríkì, ó sì rí i pé àwọn olùbọ níbẹ̀ mọ̀ dájú pé òrìṣà tí kò ní olùbọ kò ní iyì. Bí èèyàn ṣe ń sọ ẹnìkan di gbajúmọ̀ nípa títẹ̀lé e ni wọ́n ṣe ń gbé òrìṣà ga, bí òrìṣà kan kò bá sì gbè wọ́n, wọ́n lè kọjá sọ́dọ̀ òmíràn. Ohun tí Durkheim rò pé onímọ̀ nìkan ló lè rí, àwọn tó ń bọ òrìṣà ń sọ ọ́ lẹ́nu. Barber kò fi Òkukù ṣe ọ̀ṣọ́ sára Durkheim. Ó mú gbólóhùn kan pàtó nínú tíọ́rì náà, ó sì mú ẹ̀rí kan pàtó tí gbólóhùn yẹn kò lè gbà láìyí padà.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkó jọ kò yẹ kó dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Ìwé Marx wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Marxists Internet Archive. Àwọn tó gbọ́ Faransé lè rí Durkheim àti Mauss lórí àkójọ tí Yunifásítì Quebec ní Chicoutimi tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àjọ ìwádìí CODESRIA ní Dakar, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, sì fi African Sociological Review síta fún gbogbo ayé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé gan-an kí ó tó ka ìwé tó ń ṣàlàyé ìwé. Ogójì ojú-ìwé nínú Weber fúnra rẹ̀, tí ó kà lẹ́ẹ̀mejì, yóò ṣe é láǹfààní ju ìwé atọ́nà mẹ́ta tó ń sọ ohun tí Weber sọ lọ.

Nínú kíkọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún dídárúkọ lásán. Arthur Stinchcombe to ìwúlò mẹ́fà tí àwọn ìwé àtijọ́ ní fún onísosiọ́lọ́jì lẹ́sẹẹsẹ ní 1982, ọ̀kan nínú wọn ni pé a máa ń ná orúkọ wọn bí owó wẹ́wẹ́, kí òǹkàwé lè tètè mọ agbo tí a wà. Ìyẹn kò burú lójú-ìwé àkọ́kọ́. Bí Bourdieu bá wà nínú orí kejì àpilẹ̀kọ, tí a sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò tí kò sí ohun tó yí padà nínú orí kẹrin, kí ó yọ ọ́ ní tòótọ́. Alábòójútó tó dára á sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Bí kò bá sọ ọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ṣe ìdánwò náà.

Níwájú àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò àpilẹ̀kọ, ìbéèrè kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jáde ní gbogbo ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bi í ń yàtọ̀: bí tíọ́rì yìí bá jẹ́ irọ́, kí ni ìwọ ì bá ti rí ní pápá ìwádìí? Ọjọ́ yẹn kọ́ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ronú sí i. Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ojú-ìwé méjì nínú orí kejì, kí ó tó jáde lọ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ó kọ ọjọ́ tó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí alábòójútó. Bí ó bá padà dé láti pápá tí ohun tó rí kò bá ojú-ìwé méjì yẹn mu, kí ó má ṣe pa wọ́n rẹ́. Kí ó fi wọ́n síbẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ orí karùn-ún láti ibi tí wọn kò ti bára mu.